Ẹ Má Tíì Gbé E Lọ Sọ́dọ̀ Ọlọ́dà

Ẹ kú oṣù tuntun o, gbogbo ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ jẹ lógún. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ ju ti oṣù tó kọjá lọ. Òmíràn ti Kánò wá, òmíràn ti Ìlọrin wá, àwọn tó kù jẹ́ ti àwọn ará Àbújá níbí. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Àpò ni mo ti jókòó kà wọ́n lálẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọṣẹ́ ti lọ sílé. Ohun kan náà ni mo sì ń bá pàdé nínú wọn: ọ̀dà ni ẹ kọ́kọ́ ń béèrè. Àwọ̀ wo ló máa bá a mu? Èló ni wọ́n ń gbà kun ọkọ̀ báyìí? Ọ̀dà ni iṣẹ́ ìkẹyìn, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti lé ní 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí, Kàdúná ni mo ti kọ́ṣẹ́, ọkọ̀ tí mo sì ti rí tí wọ́n fi ọ̀dà tuntun sin láàyè kò lóǹkà. Bí mo bá fa etí ẹnì kan díẹ̀ nínú ìdáhùn mi, kó má bínú. Ọ̀rọ̀ náà ló ká mi lára.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 29 ni mí, Kúbwá ni mò ń gbé. Bàbá mi jáde láyé lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì fi Peugeot 504 GL kan sílẹ̀ nílé wa ní Barnawa, ní Kàdúná. Ọdún kọkànlá rèé tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ká tà á fún baban bola, àwọn tó ń ra irin àlòkù, ẹni tó wá wò ó sì ní ìwọ̀n irin lòun máa fi rà á. Èmi ò gbà. Mo ti bá panẹbítà kan sọ̀rọ̀, ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì òun á kùn ún, á máa dán bíi tuntun. Ó fẹ́ kí n san àsansílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kí ni kí n ṣe?
Àbígbẹ̀yìn, Kúbwá

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Má san owó yẹn.

Kọ́kọ́ jókòó ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ, kó o jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tó sì di 1969, òun ni wọ́n fi jẹ ọkọ̀ ọdún ní gbogbo Yúróòpù. Ní oṣù Kẹta ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria ṣílẹ̀kùn ní Kakuri, ní Kàdúná yín níbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀. Àwọn Faransé dáwọ́ ayọ́kẹ́lẹ́ 504 dúró ní 1983. Tiwa ṣì ń jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, bí àwọn òṣìṣẹ́ Kakuri bá ń jáde nírọ̀lẹ́, ọ̀gá mi á ní ká dáwọ́ dúró ká wo 504 tuntun tí wọ́n ń wà kọjá, kí ojú wa lè mọ bí ọkọ̀ náà ṣe rí kí ẹnikẹ́ni tó tú u rí. Mi ò gbàgbé. Ẹni tó máa tún nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ ti rí i nígbà tó pé.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ọkọ̀ yẹpẹrẹ o. Ìdíje Safari tí wọ́n máa ń sá nínú ẹrẹ̀ àti eruku Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, 504 gbé ipò kìíní níbẹ̀ ní 1975 àti 1978. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 404, ti gbé e ní 1963, ó sì tún gbé e ní 1966, 1967 àti 1968. Ọkọ̀ tó lè gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún yín.

Ó yá, ká bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Má jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan fi bátìrì sí i pé òun fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìn. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, ríìǹgì písítìnì ti lẹ̀ mọ́ ara làínà, ìyẹn ife irin tí písítìnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Bí o bá fi agbára bátìrì já a, ohun tó wà nínú ni yóò ya. Tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Po ọ́ìlì ẹ́ńjìn mọ́ epo dísù díẹ̀, kó o dà á sínú ihò kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń da òògùn sí etí ọmọ. Fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà kó o wá fi sípánà yí ẹ́ńjìn náà láti iwájú, pẹ̀lú ọwọ́, díẹ̀díẹ̀. Tó bá kọ̀, tún dà á sí i, kó o tún dúró. Mo ti dúró oṣù kan gbáko ti ẹ́ńjìn kan rí, ó sì pàpà gbọ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ìsinsìnyí ò mọ̀ nípa ẹ́ńjìn yìí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pa á. Làínà rẹ̀ kì í ṣe ara búlọ́ọ̀kù. Ńṣe ni wọ́n kì í bọ inú búlọ́ọ̀kù bí ìgbà téèyàn bá ki ife bọ inú garawa, omi rédíétọ̀ sì ń yí ife náà ká. Tọ́ọ̀pù-sílíńdà tí wọ́n dè mọ́ orí rẹ̀ ló tẹ àwọn làínà náà mọ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá sọ tọ́ọ̀pù-sílíńdà kalẹ̀, tó sì ń yí ẹ́ńjìn láì fi nǹkan de àwọn làínà yẹn, wọ́n á sún sókè, ohun tó dí ìsàlẹ̀ wọn á ṣí, omi á sì ráyè wọ inú ọ́ìlì. Kò sí ohun tó máa fara hàn lọ́jọ́ náà. Ó di ìgbà tó o bá wà á dé Jere lójú ọ̀nà Àbújá, kó o tó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, kó o rí i pé ọ́ìlì ti funfun bí ògì. Nítorí náà, kó o tó fún mẹkáníìkì níṣẹ́, bi í pé: "Tí ẹ bá sọ tọ́ọ̀pù-sílíńdà kalẹ̀, kí lẹ máa fi de làínà?" Bó bá wò ọ́ lójú bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó o sọ, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó o máa lọ.

Fáànù rẹ̀ náà kì í ṣe fáànù lásán. Mágínẹ́ẹ̀tì tó ń lo iná bátìrì ló ń fà á mọ́ra nígbà tí omi bá gbóná, tí omi bá sì tutù, á tú u sílẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tí mo ń rí ni wọ́n ti fi bọ́ọ̀tì dè pa, tí fáànù ń yí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n á tún yọ tàmọ́sítáàtì, ohun tó ń dá omi dúró kí ẹ́ńjìn lè tètè gbóná, sọnù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Ṣé wọ́n ti jí ní Kàdúná rí ní aago mẹ́fà àárọ̀ nígbà ọyẹ́? Ẹ́ńjìn tí kò ní tàmọ́sítáàtì á rìn jìnnà kí ara rẹ̀ tó yá, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ epo, bẹ́ẹ̀ náà ló ń jẹ ara rẹ̀. Dá méjèèjì padà bí wọ́n ṣe wà. Má sì da omi kànga sí i mọ́, torí alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù-sílíńdà rẹ̀, iyọ̀ inú omi á jẹ ẹ́ lu. Ra omi rédíétọ̀ gidi.

Táǹkì epo, sọ ọ́ kalẹ̀ kó o fọ̀ ọ́. Epo ọdún mọ́kànlá ti di nǹkan tó ń lẹ̀ bí oje igi. Rọ́bà inú másítà bíréèkì àti ti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pààrọ̀ gbogbo wọn kí ọkọ̀ náà tó kúrò lójú kan. Ọkọ̀ tí kò tíì lè dúró kò gbọdọ̀ rìn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kó o tó wo ara rẹ̀. Ewé máńgòrò ti máa kún inú ihò tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níbi tí omi ń gbà ṣàn lọ. Kó wọn jáde pẹ̀lú ọwọ́, kó o fi sukudiráfà tẹ irin ibẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan, fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e, kó o máa gbé e lé ara ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó bá ti dì í mú, irin ni. Ibi tó bá ti yọ̀ bọ́, bọdífílà ni ẹnì kan ti fi dí i. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo ibẹ̀. Panẹbítà tó ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun máa lò, kò tíì rí àwọn àmì yẹn. Ohun tó máa ṣe kò ju kó rẹ́ bọdífílà lé ìpáàrà lórí, kó sì kùn ún. Á dán lóòótọ́. Títí òjò ọdún tó ń bọ̀ ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹbí. Kó o tó ná kọ́bọ̀ kan, jẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ fọwọ́ sí ìwé pé ìwọ ni ọkọ̀ náà kàn nínú ogún bàbá, kí ẹ sì pààrọ̀ orúkọ lórí ìwé ọkọ̀ náà. Lónìí tó rí wúruwùru, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, olúkúlùkù á rántí pé bàbá fẹ́ràn òun jù. Ojú mi ti rí i nígbà mẹ́ta.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mẹkáníìkì mi ní kí n yọ ẹ́ńjìn Peugeot 505 mi dànù kí n fi ti Toyota sí i kí n lè sinmi. Ṣé ọkọ̀ àtijọ́ ṣì ni lẹ́yìn náà?
Òṣìṣẹ́ ìjọba, Gwarinpa

ÌDÁHÙN: Àbúrò, bó bá jẹ́ ọkọ̀ yìí lo fi ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, mi ò ní dá ọ lẹ́bi. Èèyàn gbọ́dọ̀ dé ibiṣẹ́. Àmọ́ ohun méjì ni mo fẹ́ kó o dúró lé lórí. Wọn ò gbọdọ̀ gé irin kankan lára ọkọ̀ náà kí ẹ́ńjìn àjèjì lè wọlé. Ẹ́ńjìn tí wọ́n bá sì yọ, ọ̀dọ̀ rẹ ni kó sùn, kó má ṣe sùn sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Da ọ́ìlì sí i, fi ọ̀rá wé e, gbé e sórí pákó ní igun ilé. Ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ iwájú, tàbí ọmọ rẹ, lè fẹ́ dá a padà.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá oníṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹni ọdún 74 ni mí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Mo ní Volkswagen ìjàpá kan tí ọkọ mi olóògbé rà ní 1981, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iléèwé jẹ́léósinmi wa sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi búrọ́ọ̀ṣì kọ orúkọ iléèwé náà sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀dà náà ti ń ṣí, lẹ́tà mẹ́ta ti lọ. Ọmọ mi tó wà ní Àbújá fẹ́ tún un ṣe fún ọjọ́ ìbí mi tó ń bọ̀, ó ní àwọn á yún gbogbo rẹ̀ dé irin, àwọn á sì kùn ún ní pupa. Inú mi dùn, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Ọkọ̀ náà tún máa ń rùn epo nígbà mìíràn. Kí ni kí n sọ fún un?
Ìyá Olùkọ́, Tanke, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Lẹ́tà yín ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa ohun kan tí mo ṣe rí. Ó ti tó ogún ọdún. Ọkùnrin kan gbé Bedford bàbá rẹ̀ wá bá mi, bọ̀lẹ̀kájà onípákó ìgbà náà, tó ń kó ẹrù àti èrò lọ sí ìlú òkè. Lórí pákó iwájú rẹ̀, lókè orí dẹ́rẹ́bà, wọ́n kọ "Ìwà Lẹwà" sí i, lẹ́tà aláwọ̀ ewé, etí rẹ̀ pupa. Ó ti ń ṣá. Ọ̀gá náà ní kí n bá òun tún ọkọ̀ náà ṣe kó dára. Èmi náà ò béèrè nǹkan kan. Mo mú sáńpépà, mo yún pákó náà títí ó fi mọ́ bí àwo, mo kùn ún. Lọ́jọ́ tó wá gbé e, ó gun orí táyà, ó na ọwọ́ sókè, ó ń fi ìka wá ibi tí lẹ́tà wọ̀nyẹn wà tẹ́lẹ̀. Ó wá a títí. Kò pariwo lé mi lórí. Ó kàn ní, "Ọwọ́ bàbá mi ló wà níbí." Ó san owó mi pé, ó lọ. Owó yẹn ò dùn ún ná.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi ni pé: kí ló wà lára rẹ̀ tí ẹ ò fẹ́ kó lọ?

Ẹ sọ fún ọmọ yín kó lọ sí mùsíọ́mù ìjọba ní Oníkan, l'Ékòó, nígbà tó bá ráyè. Mercedes-Benz dúdú tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976 wà níbẹ̀. Ihò ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀. Panẹbítà Àpò kan ṣoṣo lè dí àwọn ihò wọ̀nyẹn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí ó bá dí wọn, kí ló kù tí ẹnikẹ́ni máa lọ wò? Ti ẹ̀yin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikú bẹ́ẹ̀, Màmá, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni.

Nítorí náà, ilẹ̀kùn yẹn, kí wọ́n má yún un. Kí wọ́n fi omi àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ rírọ̀, kí wọ́n má fi kàn-ìn-kàn-ìn kàn án. Kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ nínú oòrùn àárọ̀, ní ìwọ̀n tó tóbi. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi wáàsì, ìda ìpara ọkọ̀, tí kò ní àwọ̀ pa á lára. Lẹ́tà mẹ́ta tó ti lọ, èrò tèmi ni pé kí wọ́n fi àyè wọn sílẹ̀. Ẹlòmíràn lè kọ ọ́ kó dára ju ti bàbá lọ, kì í ṣe ọwọ́ bàbá ni. Ìyókù ọkọ̀ náà, wọ́n lè kùn ún, àmọ́ kì í ṣe pupa. Kí wọ́n gbé ìjókòó ẹ̀yìn, tàbí kí wọ́n ṣí rọ́bà ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n á rí àwọ̀ tó bá ọkọ̀ náà wáyé níbi tí oòrùn ò dé. Òun ni kí wọ́n kùn.

Bí wọ́n bá ti gbé ìjókòó ẹ̀yìn náà, kí wọ́n wo nǹkan méjì. Nọ́ńbà ọkọ̀ náà wà lára irin gíga tó la àárín ilẹ̀ rẹ̀ já. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, torí ọdún 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ìjàpá pọ̀ ní Òjó, l'Ékòó, nọ́ńbà yẹn ló sì máa jẹ́ kí ẹ mọ ọdún tí wọ́n ṣe tiyín. Èkejì ni bátìrì. Lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, ni bátìrì ìjàpá máa ń wà. Ó yẹ kí ìdérí wà lórí rẹ̀. Bí ìdérí bá ti sọnù, tí èèyàn tó sanra bá jókòó síbẹ̀, sípíríǹgì ìjókòó á tẹ̀ dé orí bátìrì, iná á ṣẹ́, ohun tí wọ́n fi kún inú ìjókòó á sì gbiná. Mo ti rí ìjókòó tó jó dúdú bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ-ọmọ kankan jókòó síbẹ̀ kí wọ́n tó fi rọ́bà tó nípọn bò ó. Kí wọ́n sì tẹ irin tó wà lábẹ́ bátìrì wò, omi bátìrì máa ń jẹ ẹ́.

Òórùn epo tí ẹ sọ, ìyẹn ò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ ìbí. Iwájú ni táǹkì ìjàpá wà, ẹ̀yìn sì ni ẹ́ńjìn wà. Epo ń gba inú páìpù kọjá lábẹ́ ọkọ̀, ó wá ń gba họ́ọ̀sì rọ́bà wọ ibi ẹ́ńjìn. Ooru ti sọ rọ́bà yẹn di gbígbẹ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, á sán. Bó bá já nígbà tí ẹ́ńjìn ń ṣiṣẹ́, orí irin gbígbóná ni epo máa dà sí. Kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì epo rẹ̀, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, pẹ̀lú kílíìpù tuntun. Owó rẹ̀ ò tó owó aṣọ ọjọ́ ìbí. Ẹ má sítáàtì rẹ̀ kó tó dìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ tún sọ fún ẹni tó bá ń wà á pé ìjàpá kò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Bẹ́líìtì tó ń yí dáínámò náà ló ń yí fáànù rẹ̀. Bí iná pupa dáínámò bá tàn lójú ọ̀nà, kó dúró lójú ẹsẹ̀, kó má sọ pé òun á kọ́kọ́ dé Ọffà. Ọ́ìlì rẹ̀ kò ju lítà 2.5 lọ, kò sì ní fílítà bíi ti ọkọ̀ ìsinsìnyí, asẹ́ kékeré kan ló ní. Kí wọ́n máa pààrọ̀ ọ́ìlì náà ní gbogbo 5,000 kìlómítà, kí wọ́n sì fọ asẹ́ náà. Ní Mẹ́síkò, ní oṣù Keje ọdún 2003, ni wọ́n ṣe ìjàpá tó kẹ́yìn, nígbà tí gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe lágbàáyé ti lé ní mílíọ̀nù 21. Nínú gbogbo wọn, Màmá, tiyín nìkan ló ní ilẹ̀kùn yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo ra Morris Minor kan lọ́wọ́ ìdílé kan níbí. Gíláàsì iwájú rẹ̀ pín sí méjì, ọwọ́ ọ̀tún sì ni sítíárì wà. Mẹkáníìkì ní ká gbé sítíárì náà wá sọ́wọ́ òsì. Rewáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tí mo pè so bátìrì tuntun mọ́ ọn, rédíò àtijọ́ inú rẹ̀ sì jó lójú wa. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi òun.
Oníṣòwò, Sabon Gari, Kánò

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ti ní ohun tó dára lọ́wọ́. Láti 1948 títí di 1971 ni wọ́n fi ṣe Morris Minor nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ya àwòrán rẹ̀, Alec Issigonis, òun náà ló ṣe Mini nígbà tó yá. Gíláàsì tó pín sí méjì, 1956 ni wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí náà tìrẹ ti wà láyé kí Nàìjíríà tó gba òmìnira.

Ìyẹn ló fà á tí sítíárì fi wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì títì ni gbogbo wa ń rìn tẹ́lẹ̀, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wa. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Sítíárì tìrẹ jẹ́ ẹ̀rí ìgbà náà lórí táyà mẹ́rin. Má jẹ́ kí wọ́n gbé e. Yàtọ̀ sí pé ó máa bà á jẹ́, irin tó gbé sítíárì ni ẹ̀mí rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni lé wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ títì lọ́wọ́. Kó o tó gbé e jáde sí ọ̀nà ọba, lọ béèrè lọ́dọ̀ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó nípa ọkọ̀ oní-sítíárì ọ̀tún, kó o mọ ohun tí òfin gbà. Bí wọn ò bá gbà á, inú ọgbà ni kó o ti máa wà á, kó o máa fi ọkọ̀ mìíràn gbé e lọ síbi tó o bá fẹ́ fi hàn.

Ti rewáyà, mi ò ní bá a jà, mi ò sì ní gbè é. Nínú ọkọ̀ tí gbogbo wa ń lò lónìí, orí bátìrì tó ní àmì àyọkúrò ni wọ́n ń so mọ́ ara ọkọ̀. Morris Minor ò rí bẹ́ẹ̀. Orí tó ní àmì àròpọ̀ ni wọ́n so mọ́ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn. Rewáyà rẹ so ó bó ṣe ń so ti gbogbo ọkọ̀, iná gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọ inú rédíò. Ká ní ó wo ibi tí wáyà tó nípọn tó kan ara ọkọ̀ ti wá kó tó yọ bátìrì àtijọ́, á rí i. Kọ ọ́ sórí bébà, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹlòmíràn má tún ṣe é.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ẹsẹ̀ iwájú. Lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni irin kan wà tí òpó ẹsẹ̀ náà fi ojú ìdè wọ inú rẹ̀, bí ìdérí ìgò. Gíríìsì ló gbé ẹ̀mí ró níbẹ̀. Bó bá gbẹ, ojú ìdè náà á jẹra, lọ́jọ́ kan tó o bá sì yí sítíárì, òpó náà á yọ bọ́, táyà á wó sábẹ́ ọkọ̀. Fún un ní gíríìsì lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kódà bí ọkọ̀ náà ò bá rìn tó bẹ́ẹ̀. Eruku Kánò le, nu ẹnu ibẹ̀ kó o tó fún un.

Kábúrétọ̀ rẹ̀ ní ìdérí kékeré lókè tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣí. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́ díẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá gbẹ, ọkọ̀ náà á máa fà sẹ́yìn nígbà tó o bá tẹ epo lójijì, wọ́n á sì tà ọ́ ní púlọ́ọ̀gì àti ohun gbogbo láìnídìí. Má ra ayédèrú kankan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣì ń ṣe ẹ̀yà ara Morris Minor tuntun títí dòní, ọmọ ìyá rẹ tó bá ń bọ̀ láti ibẹ̀ lè fi àpò kó o wá.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, wọ́n fẹ́ ta Benz 230E ti 1983 fún mi ní Lugbe. Ó ń dán gbinrin. Kí ni kí n wò? Bí mo bá sì fẹ́ tún un kùn, ìgbà wo ló dára jù?
Ọmọ Ẹ̀kìtì, Lugbe

ÌDÁHÙN: Ọkọ̀ tó ń dán gbinrin ló yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù jù. Irú Benz yẹn lágbára, láti 1976 sí 1985 ni wọ́n fi ṣe é, ẹ́ńjìn rẹ̀ kì í sáré kú. Ìpáàrà ló ń pa á. Wo ibi tí wọ́n ń ki jáàkì sí lábẹ́, wo abẹ́ bátìrì, wo eteetí ibi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ká rọ́bà ilẹ̀ sókè kó o fọwọ́ kan irin. Lọ ní kùtùkùtù, kí ẹni tó ń tà á tó sítáàtì rẹ̀, kó o gbọ́ bó ṣe ń dún nígbà tó tutù.

Ní ti kíkùn, nígbà ọyẹ́ eruku á lẹ̀ mọ́ ọn kó tó gbẹ. Nígbà òjò, omi inú afẹ́fẹ́ á sọ ọ̀dà di funfun bí ẹni mí sí gíláàsì. Ìparí oṣù Kẹwàá ni mo máa ń dúró de ní Àbújá, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ ò sì tíì dé. Irin tí wọ́n bá sì yún lọ́jọ́ kan, ọjọ́ kan náà ni kí wọ́n fi ọ̀dà àkọ́kùn bò ó.

Àmọ́ kó o tó san owó Benz yẹn, bẹ ẹni tó ń tà á kó jẹ́ kí ẹ wà á wá sí Àpò láàárọ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì mi wà nínú àpò ẹ̀wù.